Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yan láàárín Linux àti BSD fún kọ̀ǹpútà ilé

Ẹni tí kò bá fẹ́ lo Windows mọ́, tí kò sì fẹ́ náwó lórí OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) mìíràn, ẹ̀ka méjì ló sábà máa ń bá pàdé. Debian, Ubuntu, Fedora àti Arch wà lápá Linux. FreeBSD, OpenBSD àti NetBSD wà lápá BSD. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ìlànà Unix sì ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà ni pé orúkọ àti òkìkí ni wọ́n fi ń yàn, wọn kì í kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ló máa sọ èyí tí òun yóò gbà.

Fífi kernel wé odidi OS

Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, kernel lásán ni, ìyẹn ọkàn OS tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe Debian tàbí Fedora ló ń kó kernel yìí pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ GNU, systemd (tó ń tan àwọn iṣẹ́ inú ẹ̀rọ) àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́fítíwíà mìíràn kó tó di ohun tí a lè lò. Ọ̀tọ̀ ni ti FreeBSD àti NetBSD, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1993, àti OpenBSD tó ya kúrò lára NetBSD ní 1995: ọwọ́ kan náà ló ń ṣe kernel àti àwọn irinṣẹ́ ìpìlẹ̀ wọn pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní “Linux dára ju FreeBSD lọ” kò tíì sọ nǹkan kan. Debian 13 ni kí ẹ fi wé FreeBSD 14.

Ìgbà ìmúdójúìwọ̀n ni ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn sí ẹni tó ti Debian wá. Lórí Debian, `apt update` àti `apt full-upgrade` ti tó: kernel, shell, aṣàwákiri, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a lọ. Lórí FreeBSD 14, bí a bá gbé e sórí ẹ̀rọ lọ́nà tó wọ́pọ̀, `pkg upgrade` kò kan ìpìlẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kún un, tó wà nínú `/usr/local`, nìkan ló ń tún ṣe. `freebsd-update fetch` àti `freebsd-update install` ló ń tún kernel àti ìpìlẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ń lo `pkg` nìkan á máa rò pé ààbò òun pé, nígbà tí ihò inú kernel rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀.

Fífi ojú ìboju ṣe ìdájọ́

GNOME, KDE Plasma àti Xfce, àwọn desktop tí ojú ń rí, kì í ṣe ti Linux nìkan. Wọ́n wà fún FreeBSD àti OpenBSD pẹ̀lú. Àwòrán ìboju tó wù yín kò sọ ohunkóhun nípa OS tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ìboju dúdú tí FreeBSD 14 máa ń fi kí ènìyàn lẹ́yìn tí a bá gbé e sórí ẹ̀rọ tán: kò bàjẹ́, kò kàn tíì ní desktop ni. Ẹ fi `pkg install xorg xfce drm-kmod` kún un. Bí chip àwòrán bá jẹ́ ti Intel, ẹ tẹ `sysrc kld_list+=i915kms`; bí ó bá jẹ́ ti AMD tuntun, `amdgpu` ni kí ẹ fi rọ́pò `i915kms`. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ `video`. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, tí àwòrán yóò sì máa wọ́ bí ìgbín.

Bí káàdì àwòrán yín bá jẹ́ NVIDIA, ẹ fi OpenBSD sílẹ̀. Kò ní dráífà (ètò tí OS fi ń lo ẹ̀yà ẹ̀rọ) tó lè fi agbára káàdì náà ṣiṣẹ́.

Àìwo chip Wi-Fi

Èyí ló ń ba ìgbìyànjú jẹ́ jù, ìṣẹ́jú méjì péré ni a sì fi ń yẹra fún un. Ẹ fi fláàṣì Linux tí kò nílò kí a gbé e sórí ẹ̀rọ tan kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ `lspci -nnk`. Ẹ wá ìlà “Network controller”. Ní ìparí ìlà náà, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi `[14e4:43a0]`. Apá àkọ́kọ́ ni ẹni tó ṣe é: 8086 ni Intel, 10ec ni Realtek, 14e4 ni Broadcom. Bí kò bá sí “Kernel driver in use” lábẹ́ rẹ̀, kò sí dráífà tó mú un.

14e4:43a0 yẹn ni BCM4360, tó wà nínú ọ̀pọ̀ MacBook Pro ọdún 2013 sí 2015. Lórí Debian, `broadcom-sta-dkms` ló ń jí i. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí apá `contrib` àti `non-free`. FreeBSD àti OpenBSD kò ní dráífà fún un. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti mọ ibi tí òun ń lọ, kò tún sí àríyànjiyàn kankan.

Intel sàn jù, ṣùgbọ́n OpenBSD kì í kó firmware Intel (ètò kékeré tí chip náà nílò kó tó ṣiṣẹ́) sínú fláàṣì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Àṣẹ `fw_update` ló ń lọ mú un wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé, ẹ fi okùn USB so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan USB tethering, kí ẹ sì tẹ `fw_update`.

Dídán an wò nínú VirtualBox nìkan

VirtualBox, ètò tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé nínú kọ̀ǹpútà yín, máa ń fi chip tirẹ̀ han OS, kì í ṣe chip tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yín. Wi-Fi, bí ẹ̀rọ ṣe ń sùn tó sì ń jí, ìmọ́lẹ̀ ìboju, kò sí èyí tí ẹ lè fi mọ̀. Fláàṣì ni kí ẹ lò. Fún ẹ̀ka FreeBSD, GhostBSD àti NomadBSD ní èyí tó ń tan láti orí fláàṣì pẹ̀lú desktop. Ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ṣí i. Bí kò bá jí, ohun tó máa bá yín gbé nìyẹn.

Kíka RAM lódì

Wọ́n á ní FreeBSD ń jẹ RAM. ZFS, ìlànà tí FreeBSD lè fi tọ́jú fáìlì sórí disk, ló ń kó fáìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò pa mọ́ sínú RAM tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ìlà “ARC” nínú `top` ni ẹ ó ti rí i, ó sì ń dá a padà bí ètò mìíràn bá fẹ́ ẹ. Linux náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: nínú `free -h`, “available” ni kí ẹ kà, kì í ṣe “free”. Síbẹ̀, bí RAM yín kò bá ju 4 GB lọ, UFS (ìlànà fáìlì mìíràn) ni kí ẹ yàn lórí FreeBSD, kí ẹ sì fi Xfce rọ́pò GNOME.

Gbígbàgbé pé iná lè lọ

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tábìlì tí kò ní UPS gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa nílé tí NEPA ti ń mú iná lọ láìsọ. Ext4, ìlànà fáìlì lórí Linux, ní journal (àkọsílẹ̀ ohun tó ń yí padà lórí disk), UFS FreeBSD náà ní tirẹ̀, ZFS kì í sì í kọ nǹkan tuntun lé èyí tó wà nílẹ̀ lórí. FFS, ìlànà fáìlì ti OpenBSD, kò ní journal. Bí iná bá já, `fsck` ní láti yẹ gbogbo partition (apá disk) wò kí ẹ̀rọ tó dìde, nígbà mìíràn yóò sì dúró pé kí ẹ wá fọwọ́ ara yín tẹ `fsck -y`. Lórí disk ńlá, ó ń pẹ́. Mo fẹ́ràn OpenBSD fún láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára dáadáa, n kò ní gbà á nímọ̀ràn fún ẹ̀rọ tábìlì tí kò ní UPS.

Títẹ Enter láìkà

Ibi tí fáìlì ti ń sọnù nìyí. “Auto (ZFS)” nínú FreeBSD ń gba odidi disk. OpenBSD náà máa ń béèrè bóyá kí òun lo gbogbo disk. Enter lásán lè jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ Debian.

Bí Windows bá máa wà níbẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ tẹ `manage-bde -protectors -get C:`, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà oní-dígíìtì 48 tó bá fi hàn sínú ìwé. Kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ètò Windows tó ń ti disk pa, nìyẹn. FreeBSD àti OpenBSD ń fẹ́ kí ẹ pa Secure Boot (àyẹ̀wò ààbò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan), bí ẹ bá sì pa á, BitLocker lè tìlẹ̀kùn mọ́ yín. Ubuntu, Fedora àti Debian kò nílò kí ẹ pa á.

Fún fláàṣì, fáìlì `.img` ni kí ẹ mú ní OpenBSD, “memstick” ní FreeBSD. CD ni `.iso` wọn wà fún. Ẹ fi `sha256sum` yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ `lsblk` kí ẹ mọ orúkọ fláàṣì náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan `dd`, àṣẹ tó ń kọ fáìlì náà sórí fláàṣì. Bí ẹ bá kọ `sda` dípò `sdb`, disk yín ti lọ.

Àwọn kékeré tó kù

Ipò orí DistroWatch, ojúlé wẹ́ẹ̀bù tó ń to àwọn OS yìí, ń ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú ìwé, kì í ka iye àwọn tó ń lò ó. Google Chrome àti Zoom kò ní ẹ̀yà fún BSD, Chromium wà. Script tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ `#!/bin/bash` kò ní ṣiṣẹ́ lórí FreeBSD, nítorí `/usr/local/bin` ni bash máa ń wà, `#!/usr/bin/env bash` ni kí ẹ kọ.

Ẹ má sì rò pé Linux nìkan ló lè kọ ẹ, ọ àti ṣ. Bátánì Yorùbá wà nínú X (ètò tó ń gbé àwòrán sójú ìboju) fúnra rẹ̀, nítorí náà `setxkbmap ng -variant yoruba` ń ṣiṣẹ́ lórí BSD pẹ̀lú. Bí desktop yín bá ń lo Wayland, tó rọ́pò X, inú Settings ni kí ẹ ti yàn án, torí `setxkbmap` kò ní mú un níbẹ̀.