Kì í ṣe gbogbo àgò là ń dá lóhùn

Ọdún kejì tí mo dé Amẹ́ríkà ni ọlọ́pàá kan wá kan ilẹ̀kùn mi ní ìdájí. Ilé ẹlòmíràn ló ń wá. Èmi ò tilẹ̀ bi í pé ta ni; mo ṣílẹ̀kùn gbayawu, mo kí i káàbọ̀, mo fa àga fún un, mo bu omi tútù wá. Ó wò mí bí ẹni tó rí iwin. Ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni mo ṣe: bí ẹnìkan bá kágò, onílé a dáhùn pé àgò yà. Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, ó ní n ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan òun alára. Títí dòní, n ò tíì rí ìmọ̀ràn tó dára tó ìyẹn gbà lórí òfin ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ orúkọ ICE kí ẹ tó wọ bàálù ní Ìkẹjà. Àwọn ló ń mú àjèjì tí ìjọba fẹ́ dá padà. Láti ọdún 2003 ni àjọ náà ti wà, ṣùgbọ́n láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí Trump padà sípò ni ọwọ́ wọn ti le gidigidi. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, wọ́n kó ọmọ ogun wọ Los Angeles nígbà tí ará ìlú ń wọ́de lórí bí wọ́n ṣe ń kó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ó kan Chicago ní oṣù Kẹsàn-án, ó kan Minneapolis ní oṣù Kejìlá. Minneapolis yìí ni òṣìṣẹ́ ICE kan ti yìnbọn pa Renee Good nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2026. Nígbà tó di ọjọ́ 24, àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè tún yìnbọn pa Alex Pretti, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ọmọ onílùú, ìyẹn ọmọ Amẹ́ríkà, ni àwọn méjèèjì. Nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde sí títì láti fi ẹ̀hónú hàn.

Pẹ̀lú gbogbo ariwo yìí, nǹkan mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ àjèjì tí òfin kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀, àti bírò tó fi ń buwọ́ lùwé. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ wa ló máa ń mú ká fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ilẹ̀kùn. Àtúnṣe Kẹrin nínú òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ni kò jẹ́ kí ìjọba kàn ya wọ ilé onílé. Ìwé àṣẹ oríṣi méjì ló wà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Èyí tí ICE sábà máa ń gbé wá, ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti kọ ọ́: nọ́ńbà fọ́ọ̀mù, I-200 tàbí I-205, ló wà lára rẹ̀, “Department of Homeland Security” wà lókè, òṣìṣẹ́ wọn ló sì buwọ́ lù ú. Èyí tó lágbára láti wọlé yín, orúkọ ilé ẹjọ́ ló máa wà lókè rẹ̀, bíi “U.S. District Court”, adájọ́ ló máa buwọ́ lù ú, àdírẹ́sì yín á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má torí àtiyẹ ìwé wò ṣílẹ̀kùn. Ẹ ní kí wọ́n tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tàbí kí wọ́n gbé e sára fèrèsé. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “POLICE” tó wà láyà wọn dà yín láàmú. ICE náà ń wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2026, ìròyìn tú síta pé ọ̀gá ICE ti kọ̀wé abẹ́lẹ̀ kan láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun lè fi I-205 lásán wọlé ẹni tí àṣẹ ìlékúrò ti jáde lórí rẹ̀. Nínú oṣù Kìíní yẹn kan náà, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Minnesota sọ pé bí wọ́n ṣe fọ́ ilẹ̀kùn ọmọ Liberia kan láìní ìwé adájọ́ lọ́wọ́ ta ko òfin ìpìlẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fọ́ tiyín, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ sọ ọ́ sókè: “I do not consent.” Ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́ síta kí wọ́n rí i. Iwájú adájọ́ ni ẹ ó ti ja ìyókù.

Ẹnu ló ṣòro jù fún wa. Bí ọlọ́pàá bá dá èèyàn dúró ní Berger, ọ̀rọ̀ dídùn la fi ń bọ́: “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀.” Níbí, gbogbo àlàyé yẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Níbo lo ti wá? Báwo lo ṣe dé? Ìdáhùn sí méjì yìí lè tó wọn láti fi kó ẹjọ́ yín jọ. Ní títì, ẹ bi wọ́n pé “Am I free to go?” Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rọra máa lọ, ẹ má sáré. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ ní ẹ fẹ́ dákẹ́, ẹ sì fẹ́ rí lọ́yà. Ìpínlẹ̀ kan wà tí òfin wọn ní kí èèyàn sọ orúkọ rẹ̀ fún ọlọ́pàá; ẹ sọ ọ́. Ẹ má purọ́, ẹ má fi ìwé ayédèrú hàn. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 tó sì ní green card, ìyẹn káàdì àṣẹ ìgbélùú, òfin ní kó máa gbé e kiri, nítorí náà ó yẹ kó wà lápò yín. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílé.

Ohùn ẹnu wa pàápàá ti di ẹ̀rí. Adájọ́ kan ní Los Angeles ní oṣù Keje ọdún 2025 ní àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ara, èdè, bí ohùn ṣe rí, iṣẹ́ tàbí ibi tí èèyàn dúró sí nìkan dá a dúró. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí wọ́n ṣì gbé àṣẹ náà tì. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìjẹ̀bú ní Home Depot, ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn kan bi mí bóyá àwọn lè bá wọn lọ sí ìwọ́de. Òfin gba àjèjì náà láyè láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mahmoud Khalil ní green card, ọjọ́ 104 ló lò ní àtìmọ́lé lọ́dún 2025 lẹ́yìn tó kópa nínú ìwọ́de lórí ọ̀rọ̀ Palestine ní Yunifásítì Columbia. Tèmi ni pé kí ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ fowó ran àwọn lọ́yà lọ́wọ́, kó fi títì sílẹ̀ fún ọmọ onílùú. Ẹlòmíràn á ní ojo ni mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku bírò. Nínú àtìmọ́lé, wọ́n lè gbé ìwé wá pé kí ẹ buwọ́ lù ú kí ẹ lè tètè lọlé. Ó lè jẹ́ ìwé pé ẹ ti gbà láti kúrò láìrí adájọ́. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n lè gbé fọ́ọ̀mù I-407 fún ẹni tó pẹ́ jù nílé. Bó bá ti buwọ́ lù ú, ó ti dá green card padà nìyẹn. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ó ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́ níwájú adájọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti ibi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ìyá kan tó ń tọ́jú arúgbó lọ síbẹ̀, wọ́n bi í nínú fọ́ọ̀mù bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó fa bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò pé ó wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ tó fẹ́ di ọmọ onílùú, wọ́n fa ìwé yẹn yọ. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú tó bá pera rẹ̀ ní ọmọ onílùú, ìlékúrò ló fi ń ṣeré yẹn.

Bí wọ́n bá mú ẹnìkan, àwọn ará ilé ni iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A lára ìwé rẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ICE, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i. Ẹ yáa kọ ọ́ pamọ́ lónìí. Wọ́n lè mú un ní Maryland kó bá ara rẹ̀ ní Louisiana. Lọ́yà jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kò ní sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá físà wọlé tó sì lò ó kọjá ọjọ́ sábà máa ń lè bẹ adájọ́ fún béèlì, tí kì í dín ní $1,500. Fún ẹni tó gba ẹnubodè Mẹ́síkò wọlé, ìdájọ́ kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ti dí ọ̀nà béèlì, lọ́yà rẹ̀ sì lè ní láti lọ bá adájọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n pe consulate, ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà, tó wà ní New York àti Atlanta, àfi bó bá jẹ́ pé ìjọba ilé lẹ sá fún. Nígbà náà, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ kí ẹ gbà gidi. Ta ló máa gbé ọmọ yín ní ilé ẹ̀kọ́ ní aago mẹ́ta bí màmá àti bàbá kò bá dé? Pé anti rẹ̀ wà ní òdìkejì títì kò tó. Orúkọ anti gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé àṣẹ tí notary fi òǹtẹ̀ lù sì gbọ́dọ̀ wà pé ó lè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ tí ẹ bí síbí nísinsìnyí, torí wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí òbí méjèèjì bí ọmọ kò bá tíì pé 16. Notary tí mo dá yìí, òǹtẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ní òun lè ṣe ẹjọ́ yín, ẹ sá.

Bí ẹ bá kó ilé, ẹ fi fọ́ọ̀mù AR-11 sọ àdírẹ́sì tuntun yín fún ìjọba láàárín ọjọ́ 10. Ẹni tó ní ẹjọ́ níwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n gbọ́dọ̀ sọ fún ilé ẹjọ́ náà láàárín ọjọ́ 5. Òótọ́ ni pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ICE ti ń mú èèyàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá lọ, adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n lé e kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú lọ́yà dání.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, Nàìjíríà àti Benin ti wọ inú àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà dí ọ̀nà físà mọ́, tí Tógò ti wà nínú rẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2025. Físà akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àbẹ̀wò wà lára rẹ̀. Ẹni tó ní green card kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí físà rẹ̀ ti parí nínú ìwé ìrìnnà lè máa kàwé lọ níbí láìsí wàhálà. Bó bá jáde, ó lè má rí òmíràn gbà láti padà. Oṣù tó kọjá ni bàbá ọmọkùnrin kan kú sí Ọ̀ṣogbo, àkọ́bí sì ni ọmọkùnrin náà. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó pè mí. Mo ní kó kọ́kọ́ pe lọ́yà, kó sì bi ọkọ̀ òfurufú náà bóyá wọ́n á dá owó padà.