Bí mo ṣe fi kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwòsàn ta ilé-ìwòsàn lọ́rẹ

Ọ̀kadà tí ọkùnrin kan tà ló bí mi nínú. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ dé ICU wa, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ara obìnrin náà sì ti ń balẹ̀ kí ibà tó dé. Kòkòrò ti gba ojú rọ́bà tí wọ́n kì bọ iṣan ńlá ọrùn rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Meropenem, oògùn apakòkòrò kan, ni wọ́n kọ, àpò ọkọ sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Àìsàn tí kò gbé wá láti ilé! Ọ̀dọ̀ wa ló ti kó o. Orí yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti lọ.

Àrùn yìí sì ṣe é dènà. Dókítà Peter Pronovost ti yunifásítì Johns Hopkins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é ní Michigan, l'Amẹ́ríkà: fọ ọwọ́, fi oògùn apakòkòrò chlorhexidine nu awọ ara, bo aláìsàn látorí dé ẹsẹ̀ kí dókítà tó fẹ́ ki rọ́bà sì wọ fìlà, ìbòmú, gáàùn àti ìbọ̀wọ́, má ki rọ́bà gba ojú itan bí ibòmíràn bá wà, yọ rọ́bà gbàrà tí kò bá wúlò mọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé àrùn náà dín kù tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mo tẹ márààrún sórí ìwé, ọ̀gá fọwọ́ sí i pé nọ́ọ̀sì lè dá dókítà dúró bó bá fo ọ̀kan. Ìyẹn ò le.

Kọ́bọ́ọ̀dù ló le. Ẹbí aláìsàn ló ń ra nǹkan lọ́dọ̀ wa: ìbọ̀wọ́ á dé, gáàùn ò ní í dé. Dókítà tó rí i pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀ kò ní í dúró de ẹni tó sáré lọ kẹ́mísìtì. Ní Michigan, inú kẹ̀kẹ́ kan ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Èmi ò bèèrè kẹ̀kẹ́ o, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni mo ní kí wọ́n fún mi.

Ọ̀kan wà lẹ́yìn sìtọ́ọ̀, alángbá ti fi ṣelé. Sìtọ́kípà ní, "Mátírọ̀n, kò sí nínú ìwé mi, mi ò lè gbé e jáde." Mo lọ sí àkáǹtì. Wọ́n ní ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí nílé-ìwòsàn. Mo ní ẹ wá wò ó. Wọ́n ní ìwé làwọn ń wò. Fáìlì mi ń ti orí tábìlì dé orí tábìlì, títí akọ̀wé kan fi yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi pé ẹ̀bùn nìkan ló lè wọlé láìsí rìsíìtì. Bí mo ṣe kọ lẹ́tà nìyẹn, mo fi kọ́bọ́ọ̀dù wọn ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n tilẹ̀ kọ ìwé ìdúpẹ́ fún mi!

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wa tó kéré jù kọ́kọ́ dá dókítà àgbà kan dúró, dókítà náà jágbe mọ́ ọn: "Aláìsàn ń kú lọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ aṣọ!" Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú sà, aṣọ náà nìyí." Ó wọ̀ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo ra mínírà fún gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá ibi ìkó-nǹkan-sí kó tó tẹ ìwé. Kí ilé-ìwòsàn ra ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ bíìlì. Kí wọ́n sì máa bèèrè láràárọ̀ bóyá rọ́bà ṣì wúlò. Ìyẹn ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Wọ́ọ̀dù tó bá ń wá ìbọ̀wọ́, kó lọ bá sìtọ́kípà.