Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Owó Iná Báńdì A Kó Má Baà Jẹ Èrè Ọjà Yín

Ẹja yìnyín ni mò ń tà n'Ílọrin: títùsì, kótẹ́, páńlá. Nígbà ààwẹ̀, omi dídì ni wọ́n ń rọ́ wá rà fún ìṣínu. Ní April 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní kí owó iná Báńdì A, ìyẹn ìpín àwọn tó yẹ kó rí iná jù, kúrò ní N68 bọ́ sí N225 fún yúnìtì kan. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ kò padà síbi tó wà. Inú owó ẹja náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Ẹ kọ́kọ́ mọ báńdì yín. Waya tó gbé iná wá sí àdúgbò ni wọ́n fi ń pín in, wọn kì í wo bí ilé ṣe rí, ìdí nìyẹn tí ará òdìkejì títì fi lè máa san owó tó kéré sí tiyín. Báńdì A ló yẹ kó rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4.

Ẹ wá mú rìsíìtì. Bí ẹ bá ra iná N1,000, N69.77 ti bá VAT, owó orí ọjà, lọ kí ẹ tó rí yúnìtì kankan. Ẹ fi iye yúnìtì tí wọ́n fún yín pín N930.23 tó kù. Bí wọ́n bá fún yín ní 4.4, bíi N211 lẹ ń ra ọ̀kan, Báńdì A sì nìyẹn, ẹnikẹ́ni ì báà sọ òmíràn.

Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ pa gbogbo nǹkan àfi fìríísà. Ẹ ka mítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún un kà ní àsùbáà. Ẹ sọ iye yúnìtì tó fi dín di owó, ẹ gbé e lé owó ẹja. Fìríísà tó kún kì í tètè yọ́. Piọ́ wọ́tà ni mo fi ń dí àyè tó bá ṣófo. Ní ti oníbàárà tó máa ní kí n kó gbogbo ẹja jáde kó tó ra sáwá méjì, mo ti kọ iye owó sára páálí dè é.

Ó wá ku èyí tó dùn mí jù: wákàtí 20 tí ẹ ń sanwó fún, ṣé ẹ ń rí i? Ẹ so ìwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ fìríísà, kí ẹ máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ. Àṣẹ NERC ni pé bí iná ò bá pé wákàtí 20 yẹn fún ọjọ́ 2 léraléra, iléeṣẹ́ tó ń pín iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ayé. Bó bá di ọjọ́ 7, kí wọ́n mú waya náà kúrò ní Báńdì A lọ sí báńdì tó bá iná tí wọ́n ń fún yín mu.

Ẹ má fẹnu sọ ọ́ o, lẹ́tà ni kí ẹ kọ. Ẹ so àkọsílẹ̀ yín mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Kí àwọn aládùúgbò náà fọwọ́ sí i, torí waya kan lẹ jọ ń lò. Bí iléeṣẹ́ náà ò bá dáhùn, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn lẹ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì NERC tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.