Ògì lásán, ẹyin àti olè: àṣìṣe tí à ń ṣe lórí oúnjẹ ọmọ

Ìyá á po ògì, á bomi là á títí yóò fi máa ṣàn, á da ṣúgà sí i, á gbé ọmọ lé itan, á sì rọ ọ́ títí ikùn rẹ̀ yóò fi le bí ìlù. Ọmọ sùn, inú ìyá dùn. Omi ló pọ̀ jù nínú ife yẹn. Èyí tó kù ni àgbàdo tí èèrí rẹ̀ ti di oúnjẹ ewúrẹ́. Rírọ gan-an tún léwu, torí ògì lè ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní 1935, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé láti Gold Coast, tó ti di Ghana lónìí, nípa àìsàn kan tó so mọ́ oúnjẹ àgbàdo. Orúkọ tí àwọn Gã, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ń pè é ló mú lò: kwashiorkor, àìsàn tó ń ṣe ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n sì gba ọyàn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sọ pé mo ní kí ẹ pa ògì tì o. Ẹ jẹ́ kó ki, kí ẹ sì fi ẹ̀pa tó lọ̀ kúnná, edé, sóyà tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sí i.

Wọ́n ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Àwọn olè tí mo mọ̀ ní àdúgbò wa, kò sí èyí tó rí ẹyin jẹ ní kékeré nínú wọn. Bàbá tó ti dàgbà tán ló ń jẹ ẹran ńlá; ọmọ ọdún méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ara, omi ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń tàn án.

Omi tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, nǹkan bí 29 péré ló ń mu ọyàn nìkan. Àwọn ìyá àgbà ló sábà máa ń ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn: omi wà nínú ọyàn. Ẹ má sì fún omi ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n rúsúrúsú dànù.

Àwọn olóṣèlú náà ní tiwọn. Bí ebi bá ti ń pa ìlú, ìrẹsì ni wọ́n ń pín. Kí ló ṣe ẹ̀wà?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ká máa yin ara wíwú. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó sì jìn, tí irun rẹ̀ ń pupa, kò sanra, ayé kọ́ ló sì ń ṣe é; kwashiorkor yẹn lè ni. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi téèpù wọn apá rẹ̀ yíká. Fún ọmọ oṣù 6 sí 59, bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ó ti le nìyẹn. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀pa alámùúlùmálà inú sáṣẹ́ẹ̀tì, oògùn rẹ̀ ni. Ẹ má pín in fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.