Bí A Ṣe Lè Ka Ìtàn Ìdíje Bọ́ǹbù Átọ́míìkì Kí A sì Rí Àwọn Ènìyàn Inú Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìdíje ohun ìjà runlérùnnà tó wáyé láàárín Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì (ìjọba àpapọ̀ tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà) sábà máa ń kọ́kọ́ ka iye bọ́ǹbù tí ọ̀tún àti òsì kó jọ, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti máa ń ṣìnà. Lóòótọ́, nǹkan bí 70,000 ni ohun ìjà wọ̀nyí káàkiri ayé ní àárín àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n iye tó tó bẹ́ẹ̀ kì í wọni lọ́kàn. Ohun tí mo rọ̀ yín láti ṣe ni pé kí ẹ tọpa eérú, wàrà, eyín àti ilé, torí ibẹ̀ ni ìdíje náà ti kan àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọdún mẹ́rin péré sílẹ̀. Ní 1945, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hiroshima àti Nagasaki. Ní 1949, Sófíẹ́ẹ̀tì dán tirẹ̀ wò. Ní 1962, ọ̀rọ̀ àwọn mísáìlì tí Sófíẹ́ẹ̀tì kó lọ sí Cuba fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀. Ní 1963, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó ka ìdánwò nínú afẹ́fẹ́, lábẹ́ omi àti ní gbalasa òfuurufú léèwọ̀. Ìyókù yóò wá ibi tí yóò so mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ayé síwájú. Níbikíbi tí ẹ bá ti kà pé wọ́n ti dán bọ́ǹbù wò, ẹ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ní erékùṣù Bikini, nínú òkun Pàsífíìkì, ènìyàn 167 ni Amẹ́ríkà kó kúrò nílé bàbá wọn ní 1946, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1954, bọ́ǹbù kan bú gbàù níbẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ti Hiroshima, tó sì ju ìlọ́po méjì ohun tí àwọn onímọ̀ tó ṣe é retí lọ. Eérú funfun dà sórí àwọn ará Rongelap, erékùṣù kan nítòsí Bikini, ó sì dà sórí ọkọ̀ apẹja kan láti Japan tí ènìyàn 23 wà nínú rẹ̀; ọ̀kan nínú wọn kú kí ọdún náà tó parí. Ẹ wá kọjú sí Semipalatinsk ní Kazakhstan, níbi tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti ṣe ìdánwò 456 láàárín 1949 àti 1989, nítòsí àwọn abúlé darandaran tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé òtítọ́ fún. Ẹ fi ìtàn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lójú tèmi, kò sí ohun tó tú àṣírí ìdíje náà tó èyí: àwọn ọ̀tá méjì tí ìgbàgbọ́ wọn kò bára mu rárá fi ojú kan náà wo aláìlágbára.

Eyín ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Èròjà olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní strontium-90, tó máa ń bá eérú ìdánwò rìn jìnnà. Ó ń bọ́ sórí koríko, màlúù ń jẹ ẹ́, ó ń gba inú wàrà dé ara ọmọ, nítorí pé ó fara jọ kálísíọ̀mù, egungun àti eyín a sì gbà á wọlé. Láti ìparí 1958, àwọn onímọ̀ àti àwọn ìyá ní St. Louis ní Amẹ́ríkà ń kó eyín tó ká lẹ́nu àwọn ọmọ jọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé èròjà náà ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rù tí èyí dá wà lára ohun tó ti àdéhùn 1963 lẹ́yìn. Kí ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ pé ìdánwò kò dáwọ́ dúró: abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ.

Ní ti ìgbé ayé ojoojúmọ́, ẹ wá àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà náà, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ́ ọmọdé láti sá sábẹ́ tábìlì. Ní Sófíẹ́ẹ̀tì, àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù kò sí nínú àwòrán ilẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi ọ̀rọ̀ àìsàn. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ tó mú ará àdúgbò kan ni bọ́ǹbù fà, àsọdùn a sì máa ba ẹjọ́ àwọn tí a ṣẹ̀ ní tòótọ́ jẹ́. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990 láti san owó ìtanràn fún àwọn tí ìdánwò bọ́ǹbù ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà àti iṣẹ́ wíwa uranium, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù, pa lára jẹ́ ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí ẹ bá dé 1989, ẹ wá ẹgbẹ́ tí akéwì Olzhas Suleimenov ṣagbátẹrù ní Kazakhstan. Wọ́n pè é ní Nevada-Semipalatinsk, tí wọ́n fi so àwọn tó jìyà ní ìhà méjèèjì pọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, wọ́n ti ibi ìdánwò Semipalatinsk pa. Ọdún 42 pé lọ́jọ́ náà gan-an tí Sófíẹ́ẹ̀tì dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò níbẹ̀.