Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Sound Card Tí Kò Wọ́n fún Kọ̀ǹpútà Ilé

Ẹ má tíì yọ owó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà lónìí tí kò ní sound card (ẹ̀yà tó ń gbé ohùn wọlé tó sì ń gbé e jáde) tirẹ̀ lára mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, ṣíìpù Realtek ló sì wọ́pọ̀ jù. Ó tó gbọ́ orin, ó tó wo fíìmù. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí ohùn ti ń bàjẹ́, torí ẹni tí sípíkà rẹ̀ ti ya tó wá lọ ra sound card, ohùn yíya náà ni yóò máa gbọ́.

Ẹ mú headphone kan, ẹ fi gbọ́ orin kan náà lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá burú níbi méjèèjì, headphone ló ni ẹjọ́. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló ń pariwo, tó sì jẹ́ desktop, ẹ yọ ọ́ kúrò ní ihò iwájú, kí ẹ fi í sínú ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn. Wáyà tó gbé ohùn dé iwájú gba inú àpótí kọjá, ó sì máa ń kó ariwo àwọn ẹ̀yà yòókù dání. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí ẹ so mọ́ sípíkà oníná, ẹ fa ṣájà yọ. Bí ariwo “hùùù” bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ iná ni: ibi tí láptọ́ọ̀pù àti sípíkà ti ń gba iná kò bára mu. Ẹ so méjèèjì mọ́ extension kan ṣoṣo kí ẹ tó ronú ọjà. Sound card USB kì í sábà yanjú irú èyí, torí ara kọ̀ǹpútà kan náà ló ti ń gba iná. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ń yí padà bí ẹ ṣe ń mi mouse tàbí tí ẹ ń ṣí ojú ewé tuntun, inú kọ̀ǹpútà ló ti ń wá, sound card tó wà níta sì máa ń mú un kúrò.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ ohùn tó mọ́, tó sì fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lórí Zoom, sound card USB kékeré tó tóbi tó flash, tí wọ́n tún ń pè ní adapter, ti tó. Sound Blaster Play! 3 ti Creative dára. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ihò USB-C lè lo adapter headphone ti Apple, tí ohùn rẹ̀ mọ́ ju bí owó rẹ̀ ṣe kéré lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ẹnu wáyà headset. Ẹ ka òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín irin rẹ̀: bó bá jẹ́ mẹ́ta, ohùn àti máìkì jọ wà nínú ẹnu kan ni, bó bá jẹ́ méjì, kò gbé ju ohùn lọ. Headset olórùka mẹ́ta kò ní bá adapter oníhò méjì (ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún máìkì) ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi tí ẹ bá ra splitter, wáyà tó ń pín ẹnu kan sí méjì, sí i. Ẹ má sì sanwó nítorí “7.1” (ohùn sípíkà mẹ́jọ) tí wọ́n kọ sára adapter tó ní ihò headphone kan ṣoṣo. Ohùn méjì péré, ọ̀tún àti òsì, ló lè gba ibẹ̀ jáde.

Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nílé, àpàlà, jùjú, ìwàásù, ohùn àwọn àgbà tó ti lọ, nǹkan mìíràn ló nílò, ó sì yẹ kí ó tètè rà á, torí téèpù ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Ihò máìkì adapter olówó pọ́ọ́kú kò wúlò fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ohùn kan péré dípò méjì, ohùn ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sì lágbára jù fún ihò máìkì, yóò máa ya. Èyí tó ní line in, ihò tó ń gba ohùn tó lágbára láti ara ẹ̀rọ mìíràn, ni kí ẹ wá, irú bíi Behringer UCA202, tó ní ihò RCA, ihò róbótó pupa àti funfun. Bó bá jẹ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, UFO202 ni kí ẹ rà, torí ohùn abẹ́rẹ́ àwo kéré púpọ̀, UFO202 sì ní ohun tó ń gbé e sókè nínú. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni kí ẹ fi gbà á: stereo (ohùn ọ̀tún àti òsì), 44,100 Hz (iye ìgbà tó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 16-bit (bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó). Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù nínú orin dúró ní nǹkan bí -6 dB lórí òṣùwọ̀n Audacity, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin. Wákàtí kan yóò gba nǹkan bí 635 MB ní WAV, fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀.

Káàdì tó ń wọ inú desktop, irú bíi ASUS Xonar SE, kò yẹ ẹni tí kò ní sípíkà 5.1 (mẹ́fà lápapọ̀). Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ṣí àpótí wò kí ẹ tó jáde nílé: ṣé ihò PCIe kúkúrú, ibi tí káàdì ti ń wọ mọ́dábọ́ọ̀dù, wà lófo? Káàdì PCI àtijọ́ tó kún ọjà tòkunbọ̀ kò lè wọ inú ihò yẹn. Bí desktop yín bá jẹ́ irú pẹlẹbẹ, ẹ rí i dájú pé irin kúkúrú tó ń di káàdì mú lẹ́yìn àpótí wà nínú páálí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní lè pa àpótí dé.

Orin kíkọ, gìtá àti máìkì olójú mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní XLR ń fẹ́ audio interface, sound card ìta tí wọ́n ṣe fún gbígba orin sílẹ̀. Behringer UM2 ló rọ̀ jù nínú àwọn tó ṣeé gbára lé. Ó ní iná 48V tí máìkì condenser, irú tí kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná, nílò, ó sì ní ihò gìtá, àmọ́ 16-bit ló mọ. Bí agbára bá gbé e, UMC202HD tó jẹ́ 24-bit sàn jù, torí ẹ lè gba ohùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré láìbẹ̀rù ariwo. 192 kHz tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. 48 kHz tó. Sound card V8 tó kún ọjà, tó ní bọ́tìnnì ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́, live orí fóònù ló wà fún. Ẹ má fi ṣe àwo orin.

Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ikẹjà, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti headset tiyín dání. Kí ẹ tó sanwó, ẹ so ó mọ́ USB: Windows gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n láìsí CD kankan. Ẹ yí ohùn sókè pátápátá láìsí orin tó ń lọ, ẹ fetí sí i. Ariwo tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, òun lẹ máa bá délé. Ẹ mi ẹnu wáyà díẹ̀ bóyá ohùn yóò máa já. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ sì tún un gbọ́.

Nílé, bí orin bá ń lọ sílẹ̀ ṣàdédé nígbàkigbà tí ìpè bá wọlé, ẹ wọ Control Panel, Sound, Communications, kí ẹ mú “Do nothing”. Windows ló ń dín àwọn ohùn yòókù kù ní 80%, kì í ṣe káàdì ló bàjẹ́.