Bẹ́ ẹ ṣe lè dá orin sílẹ̀ fáwọn ìyá ọmọ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ mọ orin kọ tẹ́ ẹ sì ráyè láàárọ̀, ẹ ronú àwọn ìyá tó ti jókòó sórí béńṣì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà látàárọ̀ kùtù, tọ́mọ ń ké, tára ń ro wọ́n. Ẹ lọ bá wọn kọrin.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí mátírọ́nù, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́, torí àárín ìgbà tí wọ́n bá gba káàdì sí ìgbà tí nọ́ọ̀sì máa pe ẹni àkọ́kọ́ làyè yín wà. Ogún mínítì ti tó.

Ẹ má gbé sípíkà lọ o! A gbé e lọ nígbà kan, kò pẹ́ rárá tí gbogbo ọmọ fi bú sẹ́kún, ìyá ìkókó kan kàn fọwọ́ bo etí ọmọ ẹ̀ ó sì jáde lọ jókòó sínú oòrùn, ó dùn mí gan-an. Àtìgbà yẹn, ẹnu àti àtẹ́wọ́ la ń lò, àti agolo mílíìkì tá a da àgbàdo díẹ̀ sí tá a fi sẹ́lótéèpù dì pinpin kọ́mọ má baà ṣí i dà sẹ́nu. Ẹ nù ún mọ́ kọ́mọ míì tó gbà á, torí gbogbo wọn ló ń lá nǹkan.

Orin wo? Èyí tí màmá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a, kẹ́yin gbè é, tí wọ́n bá sì pe ilé ní "ulé", ẹ gbè é bẹ́ẹ̀, ẹ má tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ mú oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan: "Àdùkẹ́ ti dé o", kí gbogbo ilé dáhùn, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ wa." Ẹ wojú ìyá ẹ̀ nígbà yẹn! Ẹ pe àwọn olóyún mọ́ ọn, ọmọ inú oyún oṣù méje ti ń gbóhùn ìyá ẹ̀.

Tábẹ́rẹ́ bá kan ọmọ, kí ìyá fún un lọ́mú, torí ọmú ń dín ìrora abẹ́rẹ́ kù, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015, kẹ́yin máa kọ orin kan náà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá padà wá nígbà tọ́mọ pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, orin yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ, ọmọ á ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá tí ò bá fẹ́ kọrin, ẹ má fipá mú un. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a gbọ́mọ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí i pé gbogbo ìgbà tí ìyá náà ń wá ló ń sunkún, ẹ rọra bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.